Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Àbíyè

Sí ẹ̀yin ìyá wa nínú Ìjọ Àgùdà ní Èkó, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní páríìṣì kọ̀ọ̀kan,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Ọmọ yín ni mí. Agbẹ̀bí ni mí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ẹgbẹ́ yín sì wà nínú àpótí ìyá mi títí dòní. Bí ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yìí bá ju ẹnu mi lọ, ẹ pè mí kí ẹ bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ ni mo bá wá. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 ni Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì jáde láyé, lẹ́ni ọdún 61. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kàlẹ́ńdà Ìjọ á ti mọ ibi tí mò ń lọ: ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Àgbélébùú Mímọ́ (Holy Cross), tí Kàtídírà wa ní Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin ní páríìṣì Holy Cross, ọjọ́ ọdún Holy Cross gan-an ni Ọlọ́run pè é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà sì bọ́ sí lọ́dún yẹn, ọjọ́ tí Ìjọ ń kọrin pé Àgbélébùú ti ṣẹ́gun. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ka àmì kiri, ṣùgbọ́n èyí ṣòro láti gbójú fò. Bó bá jẹ́ ìjọ mìíràn ló ni irú ẹ̀rí yìí ni, ọdọọdún ni wọn ì bá máa lùlù sí i. Ní páríìṣì tèmi, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú Mísà ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà lábẹ́ mi bi mí ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán lọ lọ́fun mi. A jọ ń lọ ra ẹ̀wà àgọ̀yìn ni. Ó ti rí orúkọ yẹn lára ilé ìwòsàn tí wọ́n fi sọrí ìyá náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó wá ní, "Àǹtí, ta ni Awólíyì? Ṣé gómìnà ológun ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ojú tì mí. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, Àgùdà ni, ọmọ Èkó ni. Bí òun ò bá mọ̀ ọ́n, ta ló kù tí yóò mọ̀ ọ́n?

Mo dá a lóhùn bí gbogbo ayé ṣe ń dáhùn. Mo ní, "Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà." Ó ní, "Háà, ó mà dáa o," ó sì kọjú sí ẹlẹ́wà pé kó fi ata sí i dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdáhùn mi ò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ìyá wa, "àkọ́kọ́" yìí ti ń sú mi díẹ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: Agnes Yewande Savage ti gboyè ìṣègùn ní Edinburgh ní 1929, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìyá wa, Gold Coast (Ghana òde òní) ló sì ti wá ṣiṣẹ́. Awólíyì ni ìkejì nínú gbogbo obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Èyí ò bu iyì rẹ̀ kù rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ń pè ní àkọ́kọ́ ṣáá, bí ẹni tó tètè dé ibi ìnáwó ló rí: gbogbo wa mọ̀ pé ó ti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, a ò mọ ohun tó bá onínàáwó sè. Ohun tó sè ni mo fẹ́ ká máa sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brasil padà dé sí Èkó, ẹ ò nílò kí n júwe ilé tó ti wá fún yín. David Evaristo Akérélé ni bàbá rẹ̀, Rufina ni ìyá rẹ̀. Evaristo, Rufina! Ẹni tó bá mọ Èkó, tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì yìí pọ̀, òórùn fùréjọ̀n, ẹ̀wà olómi àgbọn tí a ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, á ti kọ lù ú nímú. Àwa la mọ ìdí tí Yorùbá fi ń pe gbogbo ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ní Àgùdà, bó tilẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú ni onítọ̀hún, tí kò sí ẹni tó dé Bàhíà ní Brasil rí nínú ìran rẹ̀. Àwọn tó ti oko ẹrú Brasil àti Kúbà padà wá ló kó ẹ̀sìn náà bọ̀ lápò. Kí fadá tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868, wọ́n ti ń kó ara wọn jọ gbàdúrà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, ló ń ṣáájú wọn. Ní ìlú yìí, ọmọ ìjọ ló ṣáájú àlùfáà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí mo máa padà sórí rẹ̀ nígbà tí mo bá dé ibi ẹ̀bẹ̀ mi.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, Campos ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló gbé. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ló ti ń rẹ ẹ̀wà sínú agbada ńlá kan tí etí rẹ̀ kan ti bu. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó mú, ẹ̀wà ti jinná dé ibi tí ìka méjì ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, a ti lọ̀ ọ́, a ti sẹ́ ẹ, omi àgbọn ti dé orí iná. Èmi ni mo máa ń ha àgbọn. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára àtàǹpàkò mi. Òun á jókòó sórí àpótí, á máa ro ó, á máa ka Rósárì lábẹ́ ẹnu, omi orógùn pẹ̀lú àdúrà á jọ máa kán sínú ìkòkò. Nígbà tó bá tó gẹ́lẹ́, abọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ti Àlàájà tó wà ní ilé kejì, ti ìdílé onísọ́ọ̀ṣì tó wà lókè, ti bàbá tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n abọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde, ti aláboyún ni, ilé yòówù tó bá wà. Ìyá àgbà a máa sọ pé ẹni tó ń jẹun fún ẹni méjì kì í tò sórí ìlà. Bó bá gbé abọ́ náà lé aláboyún lọ́wọ́, á gbàdúrà fún un, á sì fi kún un pé kí Ọlọ́run ṣe é bó ṣe ń ṣe é nígbà ayé Ìyá Àbíyè.

Èmi, ọmọdé, mo rò pé ẹni mímọ́ kan ni Ìyá Àbíyè, bíi Santa Ana. Mo tiẹ̀ wá ère rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò rí i. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kí n tó mọ̀ pé Dókítà Awólíyì ni.

Ọba Adéníji Adélé Kejì ló fi í joyè Ìyá Àbíyè Èkó. Mùsùlùmí ni Kábíyèsí, Àgùdà ni ẹni tó fi joyè, kò sì sí ẹni tó rí àríwísí níbẹ̀, torí pé ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń kírun tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba Kọmúníọ̀n. Aláàfin Gbádégẹsin Ládìgbòlù náà fi í joyè Ìyálájé Ọ̀yọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE, Nàìjíríà fún un ní oyè OFR. Gbogbo rẹ̀ ló dáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti Adélé ni mo máa mú, mi ò ní wo ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i: àbíyè. Gbogbo ẹ̀dá ló ń bímọ, ewúrẹ́ ń bímọ. Kí á bí i kó yè, kí ẹni tó bí i náà yè, ìyẹn ni àbíyè. Òun náà ni àdúrà tí a ń gbà fún aláboyún láti ayébáyé, pé kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ.

Ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí lọ kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Sístà ní St. Mary's ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Queen's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, ó wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Ireland. Dublin ló ti gboyè ní 1938, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ nínú ìṣègùn. Nígbà tó tún fẹ́ jinlẹ̀ sí i, ohun méjì ló mú: ìtọ́jú aboyún àti ìtọ́jú ọmọdé. Ohùn ìyá, ohùn ọmọ. Ó padà wálé, ilé ìwòsàn Massey Street ló lọ, dókítà kékeré ni wọ́n gbà á sí. Nígbà tó fi máa di 1960 tí a gba òmìnira, òun ni ọ̀gá àgbà níbẹ̀, ó sì wà lórí àga náà títí di 1969. Ní 1962 ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe àgbà akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìṣègùn aboyún.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣí i hàn yín díẹ̀. Aago mẹ́ta òru. Ìyá náà ti ń rọbí láti ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti bú ọkọ rẹ̀ tán, ó ti bú ìyá ọkọ, ó ti kàn mí. Mo gbé ìwo onígi lé e níkùn, mo fi etí tì í, mò ń ka ìlùkìkì ọkàn ọmọ mọ́ ọwọ́ aago. Bó bá ń lọ geere, èmi náà á mí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí mo máa ṣe kí n tó gbé etí kúrò. Orí á yọ, èjìká á tẹ̀lé e, ìyókù á yọ́ bọ́ọ́rọ́ bí ẹja. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo yàrá á dákẹ́. Kì í ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó gùn jù ú lọ láyé. Ìyá á gbé orí sókè, kò ní bèèrè nǹkan kan, á kàn máa wo ojú mi. Ìgbà tí igbe bá ta ni gbogbo wa á rántí pé òógùn ti bò wá.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Abímbọ́lá Awólíyì gbé fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìyẹn ni mo ní ní ìfọkànsìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ṣe Nófínà, ẹ sì ń jí sí àdúrà òru. Òun náà jí lóru.

Ó sì ní ilé o. Dókítà ni ọkọ rẹ̀ náà, Dókítà S. O. Awólíyì; ọmọ méjì ló bí fún un, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn kúkurú yẹn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, di aṣọ mi mú lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọmọ ẹlòmíràn lẹ tún ń lọ gbà?" Mi ò rí èsì fún un. Mo fi ẹnu kò ó lórí, mo lọ. Títí mo fi dé ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń dún létí mi. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dìde ní ìpàdé yín tó ní obìnrin tó fẹ́ràn ilé rẹ̀ kì í ráyè iṣẹ́ àánú, tàbí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àánú ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dárúkọ Ìyá Àbíyè fún un, kó lọ ronú sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kan oko. Ìyá yìí ní oko éékà 27 ní Àgbówà, lápá Ìkòròdú, ọsàn ló ń gbìn, adìyẹ ló ń sìn níbẹ̀! Mo fẹ́ràn oko yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Dublin, tó mọ iye ẹyin tí adìyẹ rẹ̀ yé láàárọ̀. Ó ní ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀ náà, Abimbola Maternity Home. Òun ni ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí Commercial Medicine Stores (ẹ wò ó, àkọ́kọ́ tún ti yọjú, ẹ má bínú). Òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn afínúfíndọ̀ tó ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Nígbà tí Lady Kofo Ademola sọ ipò ààrẹ àjọ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin gbogbo Nàìjíríà kalẹ̀ ní 1964, òun ló gbà á, ó sì wà níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí láàárín 1964 sí 1971: ìbò tó di ìjà, ìdìtẹ̀gbàjọba méjì, ogun ọgbọ̀n oṣù. Ìgbà tí Ìwọ̀ Oòrùn, Ìlà Oòrùn àti Àríwá ò fẹ́ rí ara wọn sójú ni obìnrin Àgùdà kan láti Èkó ń ṣe ààrẹ fún obìnrin gbogbo wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń yí ká láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì tí mo gba ìwé ẹ̀rí, ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kò sì sí níbi tó wà mọ́. Òfin wọn ni pé aláboyún tí kò bá forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ san náírà 30,000 kó tó gorí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo wà nídìí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin kan wọlé, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó fi ìkejì ti ògiri. Sálúbàtà oríṣi méjì ló wọ̀, ẹsẹ̀ kan búlúù, ẹsẹ̀ kan pupa. Ó ti hàn pé òkùnkùn ló ti wá wọn láti fi jáde. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá. Náírà 7,000 ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n lọ wá ìyókù. Mo sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, mo ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi", mo tiẹ̀ bá wọn ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n kọrí sí ibòmíràn. Inú kẹ̀kẹ́ náà ló bí i sí.

Ohùn ìyá nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ẹni tó ń ta káàdì fóònù níwájú géètì ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì, kò mọ̀ pé èmi ni. Kí oṣù náà tó parí, mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ fadá, fadá fún mi ní ètùtù, mo ṣe é pé. Mo gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì mí, ohun tí Ìjọ kọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí sálúbàtà búlúù nílẹ̀ nínú ọjà, mo ṣì máa ń wá ìkejì rẹ̀ kí n wo àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ dá àpò kan sílẹ̀, kí ẹ pè é ní Àpò Ìyá Àbíyè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú Mísà, Elizabeth Abímbọ́lá, ọmọ Evaristo àti Rufina, kí ìyá kọ̀ọ̀kan sì fi ohun tó bá ní sínú àpò náà. Kí owó náà má dúró sí báǹkì kó máa duro de ìpàdé. Kí ó wà ní ilé ìwòsàn tí ẹ bá yàn, lọ́wọ́ agbẹ̀bí tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, kí a fi ìwé kékeré ti owó tó wọlé àti owó tó jáde. Aláboyún tó bá dé tí owó rẹ̀ ò pé, kí àpò náà bá a san owó àkọ́san, kó gorí bẹ́ẹ̀dì, kí á tó máa bèèrè ọkọ. Kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìjọ tó ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, mo tún un sọ: kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò rẹ̀. Mo ti rí àwọn fọ́tò tí a ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, tí aláboyún mú àpò ìrẹsì dání bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, tí àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tò yí i ká nínú aṣọ ẹgbẹ́, tí a ń rẹ́rìn-ín. Oyún ò jẹ́ kó lè sá ni.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí a kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà, kí ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà tó yẹ. Ẹ kọ ọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Padre Antonio. Bí àwọn ará Bàhíà bá dúró de fadá kí wọ́n tó kúnlẹ̀ ni, fadá ì bá tí bá ẹnì kankan ní Pópó Àgùdà. Mi ò sì ní kí ẹ má dá aṣọ ọdún. Èmi náà fẹ́ràn aṣọ, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀. Lọ́dún tó kọjá la dá léèsì ọdún páríìṣì tèmi, mo sì ṣírò rẹ̀ lórí ìjókòó: iye tí a ná sórí gèlè nìkan nínú ìlà ìjókòó mẹ́ta iwájú, ó tó láti fi gbẹ̀bí obìnrin mẹ́wàá. Mo wà nínú ìlà kejì. Gèlè tèmi wà níbẹ̀.

Nínú Rósárì, ohun ìjìnlẹ̀ ayọ̀ kejì, a máa ń ṣe àṣàrò lórí bí Màríà ṣe dìde wéréwéré, tó gba ọ̀nà òkè lọ sọ́dọ̀ Èlísábẹ́tì tó lóyún, tó sì bá a gbé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. A kì í ronú sí oṣù mẹ́ta yẹn. Ta ló ń pọn omi? Ta ló ń fọ aṣọ arúgbó tó lóyún, tí ọkọ rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀? Ọmọbìnrin Násárẹ́tì yẹn ni. Ní Èkó tiwa, ó yí padà: Èlísábẹ́tì ló ń dìde lọ bá àwọn Màríà, ní Massey Street, lóru, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbàkígbà tí mo bá dé orí ilẹ̀kẹ̀ yẹn, òun ni mo máa ń rí, nínú aṣọ funfun dókítà, pẹ̀lú ìwo onígi lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bèèrè ìjọ́sí, mo ti pè é padà. Mo ní, "Awólíyì tí o bèèrè, Ìyá Àbíyè Èkó ni." Kò yí ojú sí ẹlẹ́wà lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Àǹtí, àwọn ọmọ wo ló gbà?" Mo mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo na ọwọ́ sí òpópónà, níbi tí àwọn ìyá àgbàlagbà ti ń ta ata rodo àti ẹja gbígbẹ. Mo ní kó lọ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n bí wọn sí. Mẹ́ta ló bi. Ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú Òde. Àwọn méjì yòókù ní Massey.

Mo ti fi náírà 20,000 sínú àpò ìwé kan, mo kọ "Ìyá Àbíyè" sí i lára, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ní páríìṣì mi. Owó gèlè ni. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ ṣe é lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, torí iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní gbogbo oṣù yìí, aláboyún mẹ́rin ló sì wà nílẹ̀ tí mo ń retí kí wọ́n sọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Èmi ni ọmọ yín,
Agbẹ̀bí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó.